Àpapọ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀dà

  

Obìnrin oníṣòwò aṣọ kan ló kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí. Ó ní fóònù mẹ́rin ló ti kún mọ́ òun lọ́wọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ọ̀kan, fídíò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wà nínú òmíràn, fíìmù àti orin sì wà káàkiri nínú àwọn fìláàṣì tí kò mọ èyí tí í ṣe èwo mọ́. Ó béèrè pé: "Bàbá, ṣé kò sí bí mo ṣe lè kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan nínú ilé, kí èmi àti àwọn ọmọ máa wò ó nígbà tó bá wù wá, láìra dátà?"

Ọ̀nà wà. Èmi náà ti gba ọ̀nà ọ̀hún, mo sì ti ṣubú lójú rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn díẹ̀ lónìí, bóyá ẹlòmíràn kò ní fẹsẹ̀ kọ ibi tí mo fi kọ.

Ohun tí ìyá yìí ń wá ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní sáfà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Kọ̀ǹpútà kan lásán ni, tí a gbé sí kọ̀rọ̀ kan nínú ilé, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣọ́ ẹrù lọ, kí ó sì máa fún ẹni tó bá béèrè. Bí ọmọ bá ń wo fíìmù nínú yàrá, tí ìyá rẹ̀ ń gbọ́ orin nínú ilé ìdáná, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń bù ú. Wi-Fi inú ilé ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Kò jẹ dátà, nítorí ẹrù náà kò jáde kúrò nínú ilé.

Ní ọdún 2019, mo ra kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ kan àti díìsìkì mẹ́ta. Bí owó ti ń wọlé ni mo ń rà wọ́n, nítorí náà wọn kò dọ́gba: ọ̀kan gba tẹrabáìtì 4, èkejì gba 2, ẹ̀kẹta gba 1. Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, bí fọ́tò kan bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 4, tẹrabáìtì kan yóò gba nǹkan bí fọ́tò 250,000. N kò fẹ́ máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn kí n tó rí fáìlì kan. Mo fẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, kí n máa rí tẹrabáìtì 7 lójú kan ṣoṣo.

Èrò náà kò burú, kò sì jẹ́ tuntun. Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní Yunifásítì California ní Berkeley, gbé ìwé jáde láti fi hàn pé ọ̀pọ̀ díìsìkì olówó pọ́ọ́kú tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lè ṣe iṣẹ́ díìsìkì ńlá kan tó wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ nínú ìwé kan náà pé bí díìsìkì bá ti ń pọ̀ sí i ni ìbàjẹ́ ń sún mọ́ tòsí, àfi bí a bá fi èyí tí yóò gba àwọn yòókù là kún wọn. Èmi kò ka ibi ìkìlọ̀. Mo lo ètò kan tó so díìsìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra bí ẹni pé ẹyọ kan ni wọ́n láti ilé iṣẹ́ wá. Nígbà tí mo rí i tí ó kọ 7 síwájú mi, inú mi dùn bí ẹni tó kọ́lé.

Ìyá mi ti fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2016. Kí ó tó lọ, mo ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, tó ń ki oríkì ìdílé wa, láti orí baba ńlá wa dé orí àwọn ọmọ ọmọ. Mo kó méjèèje láti inú fóònù sínú sáfà, mo sì pa wọ́n rẹ́ nínú fóònù, nítorí mo gbà pé wọ́n ti dé ilé.

Ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 2021, iná lọ ó dé, ó lọ ó dé, n kò mọ iye ìgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, díìsìkì tó kéré jù ń dún kọ́kọ́kọ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ìyẹn nìkan ló kú, àmọ́ gbogbo àpapọ̀ náà kọ̀, kò ṣí mọ́. Tẹrabáìtì 1 ló bàjẹ́, tẹrabáìtì 7 ló bá a lọ. Mo gbé e fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ó gba owó, ó yọ fíìmù díẹ̀ jáde, kò rí ohùn ìyá mi yọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé gíga. Òun ló wá wò mí. Kò bá mi wí, ó kàn sọ pé: "Bàbá, àpapọ̀ lẹ ṣe, ẹ kò ṣe ẹ̀dà." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí n kọ èyí.

Kì í ṣe èmi nìkan ni orí àpapọ̀ ti fọ́ rí. Microsoft gbé Windows Home Server jáde ní ọdún 2007, èyí tó ń da díìsìkì pọ̀ fún àwọn onílé. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ó lè ba fáìlì jẹ́ bí díìsìkì bá ju ọ̀kan lọ. Ó di ọdún 2008 kí wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n sì yọ ìdapọ̀ náà kúrò pátápátá nínú ti ọdún 2011.

Ẹ wá gbọ́ bí ọmọ náà ti tún ti èmi ṣe. Ó lo ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ mergerfs. Èyí kò po díìsìkì pọ̀ bí ẹni po ẹ̀kọ. Ó kàn kó wọn sábẹ́ òrùlé kan ni. Èmi ń rí ojú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lódindi nínú díìsìkì kan. Bí ọ̀kan bá kú, tirẹ̀ nìkan ló bá a lọ, àwọn yòókù wà láàyè. Díìsìkì tó tóbi àti èyí tó kéré lè jọ gbé, bí owó bá sì dé a tún lè fi òmíràn kún un.

Lẹ́yìn náà ó fi ètò kejì kún un, SnapRAID, pẹ̀lú díìsìkì kẹrin. Ẹ̀yin oníṣòwò ni yóò tètè yé jù. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin mẹ́ta ń dá àjọ. Ìyá Aláṣọ dá 4,000 náírà, Ìyá Aláta dá 2,000, Ìyá Oníyọ̀ dá 1,000. Olúkúlùkù ní ìwé tirẹ̀, alájọ sì ní ìwé kẹrin tó kọ àròpọ̀ sí: 7,000. Bí eku bá jẹ ìwé Ìyá Aláta, alájọ kò ní í bẹ̀rù. Yóò yọ 4,000 àti 1,000 kúrò nínú 7,000, owó Ìyá Aláta yóò sì jáde. Ìwé àròpọ̀ yìí ni díìsìkì kẹrin. Bí díìsìkì kan bá kú, ẹ̀rọ á fi àwọn tó kù àti àròpọ̀ wá ohun tó sọnù rí. Ṣùgbọ́n bí eku bá jẹ ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àròpọ̀ kan ṣoṣo kò lè sọ iye tí í ṣe ti olúkúlùkù.

Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn níbẹ̀. Èkíní, bí ẹ̀rọ ti ń ṣírò kò mú kí àròpọ̀ tóbi bí ti owó. Díìsìkì kẹrin kò ní láti gba 7. Ó tó bí kò bá ti kéré sí èyí tó tóbi jù nínú àwọn yòókù. Tẹrabáìtì 4 ni tèmi. Èkejì, ìgbà tí a bá ní kí ó ṣírò ni SnapRAID ń ṣírò, bí alájọ tó ń jókòó ti ìwé lálẹ́. Fáìlì tí ẹ fi síbẹ̀ lọ́sàn-án kò tíì sí nínú àròpọ̀ títí di alẹ́, èyí tí ẹ bá sì pa rẹ́ tàbí tí ẹ yí padà láàárín kan lè da ìṣirò rú. Nítorí náà, ó dára fún fọ́tò, orin àti fíìmù, àwọn ohun tó dúró sójú kan. Kò dára fún ìwé ìṣirò ọjà tí ẹ ń kọ nǹkan sí ní wákàtí wákàtí.

Ní ti bíbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tó ní àyè fún díìsìkì mẹ́rin ti tó, tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4 tàbí 8. Ẹ fún ètò tó ń darí ẹ̀rọ ní díìsìkì kékeré tirẹ̀. OpenMediaVault ni èmi ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, orí Debian ló dúró lé, láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn sì ni mo ti ń pàṣẹ fún un, sáfà fúnra rẹ̀ kò ní ojú tí à ń wò. Bí ẹ bá fẹ́ fi díìsìkì sínú rẹ̀, ó lè kọ́kọ́ nù ún mọ́. Ẹ rí i pé kò sí ohun tí ẹ ń fẹ́ nínú rẹ̀.

Samba, tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní ọdún 1992, ló ń jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà Windows inú ilé rí ibẹ̀. Ẹ fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní àṣẹ láti wò. Wọn kò ní àṣẹ láti pa rẹ́. Ní ti fíìmù àti orin, Jellyfin, tó jáde láti ara Emby ní ọdún 2018, ló ń gbé wọn sórí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, òun náà kò gba kọ́bọ̀. Kí ó lè dá fíìmù mọ̀, ẹ kọ orúkọ àti ọdún rẹ̀ báyìí: Saworoide (1999).

Ẹ má gbàgbé iná. Ẹ fi UPS tàbí inverter sáàárín sáfà àti iná ìjọba, kí iná má baà lọ nígbà tí díìsìkì ń kọ̀wé lọ́wọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku inú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀dà kò tíì sí o. Bí olè bá gbé àpótí náà, tí ilé bá jó, tàbí tí ẹ fúnra yín bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, tí ìṣirò alẹ́ sì ti kọjá lórí rẹ̀, díìsìkì kẹrin kò lè ran yín lọ́wọ́. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òfin tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà nì, Peter Krogh, sọ di olókìkí ni kí ẹ tẹ̀ lé: ẹ̀dà 3, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ 2, kí 1 nínú rẹ̀ wà ní ibòmíràn.

Bí owó kò bá tó láti ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, ẹ pín ẹrù yín sí méjì: èyí tí a lè rí rà, àti èyí tí a kò lè rí rà. Fíìmù ń bẹ lọ́jà. Ìgbéyàwó ọmọ yín kò sí lọ́jà. Èyí tí n kò lè rí rà nínú tèmi kò ju gígábáìtì 180 lọ. Ó wà nínú díìsìkì kékeré kan ní ilé àbúrò mi obìnrin ní Òṣogbo, méjì ni wọ́n, mo sì ń pààrọ̀ wọn nígbà tí mo bá lọ kí i.

Àbúrò mi yìí kan náà ló gbà mí. Nígbà tí mo sọ fún un pé ohùn Ìyá ti lọ, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbàgbé pé ẹ fi méjì ránṣẹ́ sí mi?" Mo ti gbàgbé lóòótọ́. Méjì nínú méje, lórí fóònù àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Nínú èkejì, Ìyá dá oríkì dúró láàárín, ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó sì tún ń bá a lọ. Márùn-ún ti lọ. Ti baba ńlá wa wà nínú márùn-ún náà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì mọ́.

Nítorí náà, ìyá oníṣòwò aṣọ, kí ẹ tó ra díìsìkì kankan, ẹ mú fídíò ìsìnkú bàbá yín lálẹ́ òní, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò sí nínú ilé yín. Lẹ́yìn náà ẹ wá jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ sáfà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Olúwa má jẹ́ ká pàdánù ohun tí owó kò lè rà.