Ẹ Má Pe Ọmọ Wa Ní Ẹ̀rọ Mọ́

Olóòtú,



Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni kọ̀ǹpútà ti ń kọ àròkọ bí ènìyàn. Àwọn olùkọ́ ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi mọ iṣẹ́ ọmọ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí kò burú. Ohun tó burú ni pé ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Ẹ gbọ́ ná. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an gbé irú ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé nínú ìwé 100 tí ẹ̀rọ kọ, 26 péré ló ń dá mọ̀. Nínú 100 tí ènìyàn kọ, ó ń pe 9 ní ti ẹ̀rọ. Nígbà tó fi di oṣù keje, wọ́n ti pa á tì. Bí ẹni tó bí ọmọ kò bá dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, ta ni yóò dá a mọ̀?

Ti àwa tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wa ló wá burú jù. Ní 2023 kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kó àròkọ 91 tí irú wa kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n fi í han ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ 7. Tí a bá pín in dọ́gba, ó lé ní ìdajì tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ti àwọn ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi ọ̀kan pè. Ìdí ni pé ohun tí ẹ̀rọ náà ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tó kàn ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì fi ìwé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ náà ni yóò máa lò, létòlétò.

Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Paul Graham, gbajúmọ̀ kan nídìí òwò kọ̀ǹpútà, fi yé aráyé pé òun fura sí lẹ́tà kan nítorí pé ọ̀rọ̀ "delve" wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà figbe ta. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fi ẹgba kọ́ wa ló wá di ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀!

Mi ò sọ pé kò sí ọmọ tó ń rẹ́ni jẹ o. Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Àbá mi kò le. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí olùkọ́ pe ọmọ jókòó, kó bi í pé: "Kí lo ní lọ́kàn níbí? Níbo lo ti rí èyí?" Ẹni tó kọ ọ́ yóò ṣàlàyé, bó tilẹ̀ ń kólòlò, ẹni tí kò kọ ọ́, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ ní kíláàsì. Bí wọn ò bá ráyè bi gbogbo wọn, kí wọ́n ṣáà bi ẹni tí wọ́n bá fura sí, kí wọ́n tó já ọmọ ọlọ́mọ lulẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tòótọ́,
Abẹ́òkúta.