Kóńgò Tí A Lù Nídìí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣèwádìí nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ni mo ń bá wí lónìí, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè òyìnbó, tí ẹ sì ń pè é ní òṣùwọ̀n.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, tí Kroenke, Spitzer àti Williams gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Ìbéèrè 9 ni. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 27 lọ. Ayípadà tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tó lè pọ̀ lára Táyé kó kéré lára Kẹ́hìndé. N kò bá irinṣẹ́ náà jà níbi tí wọ́n ti rọ ọ́. Ohun tí a ń ṣe sí i nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa ni mo ń bá jà.

Ẹnìkan á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ẹlòmíràn á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí méjèèjì bá jọra, ariwo ayọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn méjèèjì? Ọmọ yunifásítì ni wọ́n. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ ọ́ pé, "Ǹjẹ́ o ń ní ìmọ̀lára pé o wà nísàlẹ̀?", lójú ẹsẹ̀ ni ẹnì kejì ti rí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní ọjà Bódìjà tí a tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ yóò béèrè pé, "Ìsàlẹ̀ ibo?"

Ìyá yẹn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: inú mi bàjẹ́, ayé sú mi, ọkàn mi kò balẹ̀, orí mi ń gbóná. Ṣé ayípadà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn àbí mẹ́rin? Ta ló ti bi í?

Ìbéèrè kẹsàn-án ló ń bà mí lẹ́rù jù, èyí tó ń béèrè bóyá ènìyàn ń rò ó pé ikú ìbá sàn fún òun. Àgbàlagbà kan á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" nítorí èèwọ̀ ni, ẹ ó sì kọ 0, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ẹni tó wà nínú ewu gan-an nìyẹn. Ẹlòmíràn tó gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó kọ 3, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ iyì ló ń sọ.

Ẹ ó ní òǹkà Cronbach yín ga. Ó ga lóòótọ́: ó fi hàn pé àwọn ìbéèrè náà ń bára wọn rìn, kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Kóńgò tí oníṣòwò ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, ẹ fi wọn gàrí nígbà mẹ́wàá, bákan náà ni yóò máa rí. Kò ṣe ségesège rí, ó kàn ń rẹ́ni jẹ ni.



Ẹ mú ìwé yín lọ sọ́jà kí ẹ tó kó ìdáhùn jọ. Ẹ ka ìbéèrè sí ìyá náà létí, kí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tí ẹ bi í fún yín. Bó bá ní "Ìsàlẹ̀ ibo?", ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.