Igbó Ti Rí Ayàwòrán, Ìṣàlẹ̀ Èkó Ṣì Ń Retí Tirẹ̀

Ní ọdún 1968 tí ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyinká ṣe fún Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀. Báyìí ni igbó inú ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe rí ayàwòrán. Ìlú ńkọ́? Ta ni yóò ya Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹnu Yorùbá ṣe ń kì í?

Kì í ṣe pé Èkó kò ní àwòrán. Dánfó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ àti afárá kún ara ògiri ilé ìtura àti ilé ìpàtẹ àwòrán láti Ìkòyí dé Victoria Island. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi rí ìlú. Etí kò bá wọn débẹ̀. Ayàwòrán tí ó bá sì ń wá ewì tí yóò tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń yà sí. Iṣẹ́ ribiribi ni Odia Ofeimun ṣe nígbà tí ó kó ewì nípa Èkó jọ sínú Lagos of the Poets ní ọdún 2010. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní kànga lẹ́yìnkùlé kò yẹ kí ó gbàgbé rẹ̀ nítorí odò.

Kànga náà wà ní Ẹnu Ọwá, níbi tí a ti ń fi Ọba Èkó jẹ, nítòsí Ìgá Ìdúngànràn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní oríkì tirẹ̀. Bí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, aṣọ funfun a gba ìgboro, orin a gba ẹnu, akẹtẹ̀ a sì máa sọ ibi tí oníkálukú ti wá: Adímú dé dúdú, Lábà dé pupa, Oníko dé àwọ̀ ìyeyè. Ewì àti àwọ̀ ti jọ ń rìn níbẹ̀ tipẹ́. Kí ni ayàwòrán tún ń wá?

Àwọn kan yóò ní ohun àtijọ́ ni oríkì, pé ìlú òde òní ti kọjá ọba àti ìjòyè. Àwáwí lásán ni. Kí wọ́n dúró ní Ìdúmọ̀tà fún wákàtí kan péré, kí wọ́n gbọ́ bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń polówó. Ewì ìlú òde òní nìyẹn, kò sì sí ìwé tí ó lè gbà á tán.

Àpẹẹrẹ wà níbòmíràn. Jacob Lawrence ya àwòrán sínú One-Way Ticket, ìwé ewì tí Langston Hughes gbé jáde ní ọdún 1949. Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, ni àwọn méjèèjì mọ̀ dunjú. Nígbà tí Lawrence wá sí Nàìjíríà ní 1964, ó ya Street to Mbari, òpópónà tí ọjà kún fọ́fọ́. Bí àlejò bá lè fi ojú rí tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dí ọmọ onílé tí ó gbọ́ ìpolówó náà lọ́wọ́?

Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúubú, bẹ́ẹ̀ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni láti ọdún 1956. Bí ilé bá wó, tí àgbà tí ó mọ oríkì rẹ̀ sì sùn, kí ni yóò kù? Kí àwọn ayàwòrán lọ jókòó ti àwọn akéwì Ìṣàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n sì sanwó ohùn fún wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ àwòrán náà ní Ẹnu Ọwá, kí ó tó sọdá afárá lọ sọ́dọ̀ olówó. Ẹni tí a ń kì ló yẹ kí ó kọ́kọ́ rí ara rẹ̀.