Aromọléegun Tí Kò Mọ sí Oríkèé

Ní ìlú Ẹdẹ, Màpó Arógun, bí obìnrin tí kò tíì pé ẹni ogójì ọdún bá ń jí láàárọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé ká, tí kò lè fún aṣọ, tí oòrùn sì ti ń ga kí ìka rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà, a ó ní làkúrègbé ni, tàbí pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, tàbí pé ayé ló mú un. A ó ra oògùn ara ríro fún un, a ó fi òróró pa á lọ́wọ́, a ó sì ní kí ó máa rọ́jú. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà mọ bẹ́ẹ̀.

Oríṣiríṣi àìsàn ni à ń kó sábẹ́ orúkọ làkúrègbé. Ọ̀kan ń bẹ tí ó jẹ́ ti àgbà, tí ó ń mú orúnkún tí ó ti ru ara fún ọjọ́ pípẹ́. Aromọléegun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní rheumatoid arthritis yàtọ̀ sí i: oríkèé kéékèèké ọwọ́ méjèèjì ni ó sábà ń kọ́kọ́ mú, àwọn obìnrin tí ó ń bá jà sì tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta àwọn ọkùnrin.

Àwọn baba wa sọ fún wa pé Aláàfin ni ó rán Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fàiná, láti Ọ̀yọ́ wá sí agbègbè odò Ọ̀ṣun tiwa yìí, kí ó máa fi ọfà ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn oníṣòwò. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò pé àwọn ọlọ́fà náà yíjú padà lọ́jọ́ kan, tí wọ́n wá ń ta ọfà iná sí òrùlé àwọn tí a ní kí wọ́n ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àìsàn yìí rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Elédùmarè fi sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá kòkòrò àrùn jà kò dá ọmọ onílé mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tá mọ́, wọ́n gbógun ti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú oríkèé. Bí ikú ilé kò bá sì pani, t'òde kò lè pani. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ni ogun náà lè dé. Ó ń dé ojú, ojú a gbẹ, a pọ́n, a sì máa roni. Ó ń dé ẹ̀dọ̀fóró, tí yóò dá àpá sí i títí ẹni tí kò mu sìgá rí yóò fi máa mí hẹlẹ bí ó bá gun òkè díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a dín kù lára, egungun a di ohun tí ìṣubú díẹ̀ lè ṣẹ́, àárẹ̀ tí oorun kò lè wò a sì bá aláìsàn jókòó. Èyí tí ó wúwo jù ni ti ọkàn: ewu kí àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa ẹni tí ó ní àìsàn yìí fi nǹkan bí 50 nínú 100 ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹdẹ, ìlú tí Ọba Adétóyèṣe Láoyè ti jọba láti 1946 títí di 1975, ọba tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún tí ìlù sì ń fọhùn, ìlú bẹ́ẹ̀ mọ iyì ọwọ́. Kò yà mí lẹ́nu pé ọwọ́ ni à ń kẹ́dùn fún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ́ ni ó ń gba ẹ̀mí aláìsàn.

Àwọn oníṣègùn pàápàá ti rò nígbà kan pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ní 1968, dókítà Brian Greenwood kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn Lancet pé nínú aláìsàn tí ó lé ní 98,000 tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn láàárín 1957 sí 1966, àwọn tí ó ní irú àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà kò ju 104 lọ. Ó sì rò pé ó lè jẹ́ pé ibà àti aràn ni kò jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ráyè ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ilé ìwòsàn kò lè sí nínú ìwé ilé ìwòsàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú àwọn tí ó ní rheumatoid arthritis ní Èkó, wọ́n sì kọ̀wé nípa wọn ní 2010.

Oògùn tí à ń rà ní kẹ́míìsì ń kọ mí lóminú, nítorí ohun tí ìbátan rẹ̀ ti ṣe rí. Ní 1948, dókítà Philip Hench ní Amẹ́ríkà fún obìnrin kan tí àìsàn yìí ti dè mọ́lẹ̀ ní abẹ́rẹ́ cortisone, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó dìde, ó rìn. Ní 1950 wọ́n fún Hench ní ẹ̀bùn Nobel. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ohun tí oògùn náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá pẹ́ lórí rẹ̀: egungun a fúyẹ́, ìtọ̀ ṣúgà a wọlé, ẹ̀jẹ̀ a ru. Ìbátan rẹ̀ ni prednisolone tí àwọn ènìyàn ń rà láìsí ìwé dókítà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ó ń lò ó fi ń kún, tí a fi ń kí i pé ara rẹ̀ ti dá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Oògùn tí ń mú kí ogun náà fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ wà, methotrexate ni olórí wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni à ń lò ó, a kì í lò ó lójoojúmọ́, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ àìsàn náà ni ó ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni wà. Mo ń bẹ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pé kí ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo ilé ìtọ́jú Ẹdẹ Àríwá àti Ẹdẹ Gúúsù ní àmì rẹ̀: ìka tí ó le ju wákàtí kan lọ láàárọ̀, oríkèé ọwọ́ méjèèjì tí ó wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n kọ̀wé lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n tó fún un ní hóró oògùn ara ríro kan, kí wọ́n sì bi í léèrè bí ó ṣe ń mí, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò.