Sùúrù Tí Kò Lọ́jọ́: Ìwé sí Àwọn Aláṣẹ Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin aláṣẹ, ọ̀rọ̀ yín lórí akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti sú wa. Ẹni tí kò rọ́wọ́ mú, ẹ ó máa pọ̀n ọ́n lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí ojú yín bá wá là, owó gọbọi lẹ ó fi bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Texas A&M gbà láti san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là fún akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jimbo Fisher, kó lè kẹ́rù rẹ̀. Aráyé ti gbọ́ èyí.

Àwíjàre yín gan-an ló ń bí wa nínú. "Sùúrù ni baba ìwà," lẹ máa ń wí, ẹ ó sì fa orúkọ Frank Beamer yọ. Lóòótọ́, ní ọdún 1992, ọdún kẹfà rẹ̀ ní Virginia Tech, ìdíje 2 péré ló borí, ó pàdánù 8, ó ta ọ̀mì 1. Wọn ò lé e. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní ọdún 2000, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń du ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà. Ó dáa.

Scott Frost ti Nebraska ńkọ́? Ní 2021 ó borí 3, ó pàdánù 9, kò sì sí èyí tí wọ́n fi ju àmì ayò 9 lọ là á nínú ìpàdánù náà. Ẹ ní, "Ó kù díẹ̀ ni." Ó lé àwọn igbákejì rẹ̀ kan, ẹ tún ní sùúrù. Lẹ́yìn ìdíje 3 péré nínú sáà tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ẹ lé e! Ká ní ẹ dúró di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni, mílíọ̀nù 15 dọ́là tí ẹ jẹ ẹ́ ì bá ti dín sí ìdajì. Ṣé sùúrù nìyẹn? Ìbẹ̀rù ni! Ohun tí ẹ rí ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ ti rí i láti oṣù Kọkànlá tó ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ fún èèyàn lásìkò, kó kọ ohun tó fẹ́ rí àti ọjọ́ tó fẹ́ rí i sílẹ̀ kí àsìkò náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti owó tí ẹ fi ń lé wọn, àwọn kan á tún ní owó àwọn olówó tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ìjọba. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yá owó ilé-ìwé.

Kí la wá fẹ́? Kí ọdún kan tó dáa má ṣe sọ àdéhùn di tuntun mọ́. Fisher borí ìdíje 9 nínú 10 ní ọdún 2020; ní 2021, Texas A&M sún àdéhùn rẹ̀ di 2031, wọ́n tún fowó kún un. Ọdún mẹ́fà ṣì kù lórí ti àkọ́kọ́. Kí ló ń lé wọn? Ní 2022, ó borí 5, ó pàdánù 7.

Kí ìpinnu wáyé ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìdíje ìparí nínú oṣù Kọkànlá, nítorí láti 2017, oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń tọwọ́ bọ̀wé láti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì. Ìwà ìrẹ́jẹ ni kí ọmọ tọwọ́ bọ̀wé tán kí ẹ tó lé ọ̀gá tó pè é.

Kí owó gbà-má-bìínú dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí ẹni tí ẹ lé bá ríṣẹ́ mìíràn. Kí àdéhùn wà ní gbangba. Kí ààrẹ yunifásítì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kí ẹ rántí àwọn igbákejì tí ẹ ń lé pọ̀ mọ́ ọ̀gá.

Ẹ̀yin òbí wa ní Houston àti Atlanta tí ọmọ yín mọ bọ́ọ̀lù yìí gbá, ẹ má jẹ́ kó tọwọ́ bọ ìwé kankan kí ẹ tó bi ilé-ẹ̀kọ́ náà bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá yìí yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì wọn sílẹ̀.