Tòmátì Tó Ń Jẹrà Lójú Ọ̀nà: Ta Ló Ń Sanwó Rẹ̀?

Láti Kano àti Kaduna ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ tòmátì wá sí Mile 12 l'Ékòó, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tò léra wọn. Tìsàlẹ̀ á fọ́, ooru á ba òmíràn jẹ́.

Lọ́dún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé owó ibodè tòmátì lílọ̀ tó ń ti òkè òkun wọlé láti ìdá 5 sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn dáa fáwọn iléeṣẹ́, àmọ́ kò kan apẹ̀rẹ̀ tó wà lórí ọkọ̀.

Kéréètì oníke ń dín ìfọ́ kù. Kí ló wá dé tí apẹ̀rẹ̀ ò kásẹ̀ nílẹ̀? Owó ni. Ẹni tó ra tòmátì lè gbé e lọ tapẹ̀rẹ̀-tapẹ̀rẹ̀. Kéréètì gbọ́dọ̀ padà sókè Ọya. Ta ni yóò sanwó ọkọ̀ rẹ̀?

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ìṣirò òwò ti wúlò. Ọlọ́jà tó bá ń kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ á mọ̀ bóyá àdánù rẹ̀ ju owó kéréètì lọ. Àkọsílẹ̀ yẹn náà lẹgbẹ́ ọlọ́jà lè gbé síwájú ìjọba, torí ariwo nìkan kì í yí òfin padà. Bí wọn ò bá ṣe é, àwa tá à ń se ọbẹ̀ la ó máa san owó èyí tó jẹrà mọ́ èyí tá a rà.