Ìwé Ni Kí A Mú Dé Ẹnubodè



Láti Ìyànà Ìbà dé Sẹ̀mẹ̀, ọ̀nà kan náà ni. A ó kọjá Òkókómáíkò, a ó kọjá Àgbárá àti Àgbádárìgì, ó di ẹnubodè. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ń lọ sí Kútọnù bí ẹni ń lọ sí ọjà Alábà, láìsí ìwé kankan lápò. Bí wọ́n bá dá wọn padà, wọn a ní, “Ṣé ECOWAS kọ́ ni wá ni?”

ECOWAS ni wá lóòótọ́. Àdéhùn tí àwọn ìjọba wa fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 gbà wá láyè láti wọ ìlú ara wa láìgba físà, kí a sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí a mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá lọ́wọ́, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abala 4 rẹ̀ sì ní ìlú kọ̀ọ̀kan ṣì lè kọ ẹni tí òfin tirẹ̀ kò bá gbà. Àwọn tó ń pariwo kì í ka ibẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò níwèé ní Gánà ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn èèyàn wa sì di ẹrù wálé. Ní 1983, ìjọba Shagari ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà níbí. (Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ń pè ní “Ghana Must Go” títí dòní.)

Èrò wa ni pé owó tí a ń kì sọ́wọ́ aṣọ́bodè kò lè dípò ìwé. Ẹni tó gbà á lánàá lè má sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Bí wọ́n bá sì dá ọ padà lẹ́yìn tí o ti san án, ta ni o fẹ́ bá rojọ́? Owó ọkọ̀ ti lọ, owó ọjọ́ iṣẹ́ ti lọ. Awakọ̀ ló tún ń jìyà jù, torí èrò kan tí kò níwèé lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Káàdì tí wọ́n tà fún yín ní gáréèjì láìgún abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹjọ́ ni ẹ fowó rà.

Wọ́n lè dá ẹni tó níwèé náà padà. Ṣùgbọ́n òun lè béèrè ìdí rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ẹgbẹ́ yóò sì rí ohun tí yóò fi kọ̀wé sí ìjọba.

A fẹ́ kí ẹ̀ka wa bá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ sọ ọ́, kí òṣìṣẹ́ gba ọjọ́ kan láti lọ ṣe ìwé ìrìnnà láìgé owó rẹ̀. A ó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.